Pèéṣẹ́ lábẹ́ àwọ̀n: Ohun tí ọmọ tí kò ga lè fi bọ́ọ̀lù tí kò wọlé ṣe

Ní Kpankou, ọ̀kan lára àgbègbè mẹ́fà tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, kò sẹ́ni tó nílò kí a ṣàlàyé pèéṣẹ́ fún òun. Lẹ́yìn tí olóko bá ti kó àgbàdo rẹ̀ lọ, ẹni tó ní sùúrù, tó sì mọ ibi tí ojú àwọn olùkórè kì í tó, á ṣì rí nǹkan gbé délé.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Bí ẹni tí ẹ jọ wà nínú ikọ̀ kan náà bá ju bọ́ọ̀lù, tí kò wọlé, tí ìwọ sì gbà á kí alátakò tó gbà á, pèéṣẹ́ lo ṣe yẹn. Àwọn tó fi èdè Faransé kọ́ eré náà ń pè é ní rebond offensif, àwọn ará Nàìjíríà sì ń pè é ní offensive rebound. Bọ́ọ̀lù àtapadà la ó máa pè é níbí.

Àwọn olùkọ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń kó àwọn ọmọ jọ sórí pápá ní Kpankou, ní ìlú Kétu, àti ní Ìmẹ̀kọ lódìkejì ẹnubodè la kọ ìròyìn yìí fún. Ìdí ni pé gíga ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò lára ọmọ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yìí. Ọmọ tí kò bá ga, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Lójú tiwa, àṣìṣe ni, ibi tó sì ti hàn jù ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àtapadà.

Èrè wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ikọ̀ ilé ìwé kan ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 60 nínú eré kan, tí 20 wọlé. Ogójì ló ta padà nìyẹn. Bí wọ́n bá rí 12 gbà padà nínú 40 yìí, tí mẹ́rin wá wọlé nínú àwọn 12 náà, àmì mẹ́jọ ni wọ́n ti jèrè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ bọ́ọ̀lù jù ju ti àná lọ. Eré mélòó ni ikọ̀ yín ti pàdánù pẹ̀lú àmì tí kò tó mẹ́jọ?

Ní ọdún 2004, Dean Oliver, ará Amẹ́ríkà tó ń fi ìṣirò yẹ eré yìí wò, kọ ìwé kan tó pè ní Basketball on Paper. Ohun mẹ́rin ló ní ó ń mú ikọ̀ borí: kí bọ́ọ̀lù máa wọlé, kí wọ́n má máa sọ bọ́ọ̀lù nù, kí wọ́n máa gba bọ́ọ̀lù àtapadà, kí wọ́n sì máa rí ìjù ọ̀fẹ́ gbà. Bí àwọn ọmọ bá ṣe kéré sí, tí ìjù wọn kò tíì dá ṣáká, bẹ́ẹ̀ ni ìkẹta yìí ṣe ń wúlò sí, torí pé bọ́ọ̀lù tó ń ta padà pọ̀.

Àwọn wo ló mọ̀ ọ́n jù?

Láti sáà 1973-74 tí líìgì NBA ní Amẹ́ríkà ti ń ka bọ́ọ̀lù àtapadà sọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó gbà tó Moses Malone: 6,731 ni tirẹ̀. Ní sáà 1978-79 nìkan, ó gba 587. Kì í dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ ìlà ìparí pápá ló máa ń gbà, á yọ lábẹ́ pátákó, á sì fi ìdí ti alátakò kúrò lójú ọ̀nà.

Ọmọ Yorùbá kan jẹ nínú ìmọ̀ yìí. Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí ní ìlú Èkó ní ọdún 1963, ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, kó tó di pé ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nígbà tó ti ń sún mọ́ òpin ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó dé Yunifásítì Houston ní ọdún 1980, pápá ìṣeré Fonde nílùú náà ló ti ń bá Malone fúnra rẹ̀ forí gbárí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀lù àtapadà 4,034 ló ti gbà ní NBA, ó sì ti gba ife ẹ̀yẹ fún Houston Rockets ní 1994 àti 1995.

Òótọ́ ni pé Ọlájùwọ́n àti Malone ga. Ṣùgbọ́n ẹ wo Charles Barkley, tí kò ju nǹkan bíi mítà 1.98 lọ. Láàárín àwọn òmìrán, kúkúrú ni. Síbẹ̀, òun ló ṣe ipò kìíní nínú gbígba bọ́ọ̀lù tó ta padà ní sáà 1986-87. Dennis Rodman fi díẹ̀ ga jù ú, ó sì gba ipò náà ní sáà méje léraléra. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń nara kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni Rodman ń wo bí bọ́ọ̀lù ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí lójú òfuurufú, kó lè mọ ibi tó máa ta sí.

Kí ni kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ?

Àkọ́kọ́, kí wọ́n gbéra kí bọ́ọ̀lù tó kan òrùka. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù láti igun pápá sábà máa ń ta sí òdìkejì, èyí tí wọ́n jù láti ọ̀nà jíjìn sì máa ń ta jìnnà. Ọmọ tó bá mọ èyí á ti débẹ̀ kí ẹni tó ga tó fò.

Ìkejì, ẹsẹ̀ àti ìdí ni kí wọ́n fi wá àyè, kì í ṣe ọwọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ ti alátakò lẹ́yìn, fáwù ni, èèyàn sì lè fara pa.

Ìkẹta, bí ọwọ́ ọmọ kò bá tó bọ́ọ̀lù láti dì í mú, kó fi ìka gbá a síta fún ẹnìkejì rẹ̀. Ìyẹn náà pèéṣẹ́ ni. Kí wọ́n sì rántí pé láti ọdún 2014 ni òfin FIBA ti fún ikọ̀ tó bá gba bọ́ọ̀lù àtapadà ní ìṣẹ́jú àáyá 14 péré láti tún un jù.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Bí gbogbo ọmọ bá rọ́ lọ sábẹ́ àwọ̀n, tí alátakò sì gba bọ́ọ̀lù náà, kò ní sẹ́nì kankan nílé. Ìbẹ̀rù yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní NBA pa á tì. Ní àwọn ọdún 1980, ikọ̀ máa ń gbà ju 30 lọ nínú bọ́ọ̀lù 100 tí kò wọlé. Nígbà tó fi máa di sáà 2020-21, ó ti já sí nǹkan bíi 22.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Ti àtijọ́ ni kí mẹ́ta lọ, kí méjì padà sílé. Èkejì ni èyí tí Aaron Fearne, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Australia, mú gbajúmọ̀: bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, kí kálukú lọ bá alátakò tó sún mọ́ ọn, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé tirẹ̀, kó sì máa fara tì í wọ abẹ́ àwọ̀n. Bí alátakò bá wá gba bọ́ọ̀lù náà, kò ní rí ọ̀nà sáré, torí pé ẹnì kan ti wà níwájú rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ti àtijọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gíga yan àwọn mẹ́ta náà. Ẹni tó tètè ń gbéra, tí kì í sì í rẹ̀ bọ̀rọ̀, ni kí ẹ yàn.

Ìdánrawò kan wà tí kò náni ní owó. Ẹ pín ọmọ mẹ́fà sí mẹ́ta-mẹ́ta lábẹ́ àwọ̀n kan. Ìjù tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fún un ní àmì kan. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn bọ́ọ̀lù àtapadà, ẹ fún un ní méjì. Ẹ wá fún ọmọ kan ní ìwé àti bírò, kó máa kọ orúkọ ẹni tó gbéra lọ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá ju bọ́ọ̀lù, ì báà rí i gbà, ì báà má rí i gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó pinnu ọmọ tó máa lọ jókòó.