Aràn Pupa Rúsúrúsú Inú Ẹran Epìyà

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn tó ń sin ẹja nínú wa gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀. Oníbàárà la epìyà, ó bá ohun kan tó rí bí ẹyọ ìrẹsì, pupa rúsúrúsú, lábẹ́ awọ àti nínú ẹran, ló bá dá ẹja padà. Ẹnì kan ti ń béèrè owó yíyá láti fi ra òògùn tí yóò dà sómi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù ná. Owó yẹn á kàn bómi lọ ni.

Ọmọ aràn ni ohun tí ẹ rí yẹn. Clinostomum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn kan nínú wa rò pé oúnjẹ ẹja ló gbé e wá, tàbí pé ẹja kan ló kó o ran èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹyẹ ló ń gbé e wá, ìgbín inú omi ló ń bá a tọ́ ọ.

Àgbà aràn náà ń gbé ní ẹnu àti ọ̀fun àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó ń pẹja jẹ. (Kì í ṣe lékeléke ẹ̀yìn màlúù ni mò ń sọ, tata ni tìyẹn ń wá kiri.) Bí ẹyẹ náà bá ti ki ẹnu bọ omi, ẹyin aràn á dà sínú adágún. Ẹyin á pa, ohun tó jáde nínú rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, á sì wọnú ìgbín lọ. Inú ìgbín yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà! Ẹyọ kan tó wọlé á di ọ̀pọ̀lọpọ̀ kó tó jáde. Wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri, wọ́n á gba ara ẹja wọlé, wọ́n á ká jọ sínú àpò kékeré nínú ẹran rẹ̀, wọ́n á wá máa dúró de ẹyẹ tí yóò gbé ẹja náà mì.

Èyí tó ti wà nínú àpò nínú ẹran, báwo ni òògùn inú omi yóò ṣe bá a? Òògùn tó ń pa ìgbín wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú kọ́pà sọ́fẹ́ẹ̀tì lè pa ẹja pẹ̀lú. Koríko etí adágún ni ilé ìgbín. Ẹ ro ó mọ́. Bí ẹ bá ti kó ẹja tán, ẹ fa omi gbẹ, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ilẹ̀ náà títí yóò fi sán, kí ẹ wá fọ́n láìmù sí i, pàápàá ibi tó ṣì ń rin, nítorí ìgbín a máa fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n bo adágún tó bá kéré.

Ní ti jíjẹ, bí ẹ bá sè é jinná dénú, aràn náà á kú, kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Àwọn kan tó jẹ ẹja láìsè ní Jàpáànù àti Kòríà ló kó o sí ọ̀fun. Ti ọjà ló le: oníbàárà tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í sábà padà wá.

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ adágún rẹ̀ kí òjò tó dé, kó wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Owó tí a ó fi háyà ẹ̀rọ ìfami, ìyẹn ni ìgbìmọ̀ lè yáni.