Láti Èrúwà dé orí òkè Adó-Àwáyè

Ọ̀nà tó gba Láńlátẹ̀ àti Máyà lọ sí Adó-Àwáyè ni àwọn arìnrìn-àjò àdúrà ń tọ̀ láti Ìbàràpá. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lọ́tùn-ún lósì, òkè sì ń yọrí lókèèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Èrúwà, obìnrin mẹ́ta aláṣọ funfun jókòó sẹ́yìn, wọ́n ká ẹní mọ́ra, gálọ́ọ̀nù omi wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni, orí òkè ni wọ́n máa sùn. Èyí àgbà nínú wọn ti Igbó-Ọrà bọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ tipẹ́, kò tíì rí ọmọ bí.

Igbó-Ọrà kẹ̀! Ìlú tí àwọn oníròyìn ń ti òkèèrè wá ya fọ́tò ìbejì. Patrick Nylander, oníṣègùn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìbejì ní ìhà tiwa yìí láàárín 1972 sí 1982, rí i pé ìbejì ń tó 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000. Àwọn ìyá ìlú náà ní àmàlà àti ìlasa ló ń ṣiṣẹ́. Mo dá a lápàárá pé, “Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà náà tún ń wá ọmọ?” Màmá ò bínú. Ó ní, “Ìbejì wà nílé aládùúgbò mi lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Ìkómọ wọn ni mò ń lọ jẹ.” Mo panu mọ́ títí a fi dé Adó.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sára òkè lé ní 300. Ìdá àkọ́kọ́ ò nira, ẹ̀rín àti àwàdà la fi gùn ún. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín dáwọ́ dúró, itan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn ọmọ iléèwé kan tí wọ́n fẹ́ sáré gun òkè ti nà sílẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà, wọ́n ń bẹ omi. Màmá kọjá lára wọn, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́, ó ń dá orin kọ lábẹ́lẹ̀, kò sinmi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí ni òkè gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Àpáta gbalasa ni, ó dà gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn lè dì mú. Màmá bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sínú báàgì. Ọmọkùnrin tó ń mú wa lọ ní kó wọ̀ ọ́ padà torí àpáta gbóná. “Ó lè yọ̀ mí, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi mọ ibi tó ń tẹ̀.” Èmi tí mo wọ bàtà olówó ńlá, ọwọ́ àti orúnkún ni mo fi gun ibẹ̀.

Lókè, a kan Ìṣàgè, òkúta ńlá tó dúró lórí òkúta mìíràn bí ẹni pé atẹ́gùn díẹ̀ máa tì í ṣubú. Wọ́n ní bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, aṣọ funfun ni wọ́n ń fi bò ó. A tún rí Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn ihò tó rí bí ojú ẹsẹ̀, tí omi wà nínú wọn. Màmá yà wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ìyákè. Adágún omi ni, lórí òkè, koríko yí i ká. Wọ́n ní irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Colorado l'Amẹ́ríkà. Mi ò mọ ẹni tó yí ayé po tó fi kà wọ́n. Lójú tèmi, ìpolówó ọjà nìyẹn. Ohun tó gbé orúkọ omi yìí ga lágbègbè wa ni pé wọ́n gbà pé ó ń fún àgàn lọ́mọ, àwọn obìnrin sì ti ń gòkè wá bẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtẹ̀gùn.

Màmá ò wo omi náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ síbi tó jìnnà díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó mú ìgò òróró jáde. Láti ìgbà ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930, èyí tó sọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ni àwọn Aládùúrà ti ń sọ òkè lóríṣiríṣi nílẹ̀ Yorùbá di ibi ààwẹ̀ àti àìsùn. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀bẹ̀ tó gbé wá ni àwọn ìyá àtijọ́ náà gbé wá síbí, pé ẹni tí wọ́n ń ké pè nìkan ló yàtọ̀. Kò ní dùn mọ́ ọn, mi ò sì sọ ọ́. Obìnrin kan tó bá wa níbẹ̀, tó bu omi Ìyákè sínú ike, kí i pé, “Ẹ kú ìgòkè o, Màmá. Ọlọ́run á gbọ́.” Ó ní, “Àṣẹ, tiyín náà á gbọ́.” Kò béèrè pé tiyín wo.

Mo ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí sísọ̀kalẹ̀ lórí àpáta yẹn le ju gígùn ún lọ. Màmá fi iṣẹ́ rán mi sí awakọ̀ ní gáréèjì, pé kó wá gbé wọn láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kó má sì fowó lé owó ọkọ̀. Mo jẹ́ ẹ. Awakọ̀ ní òun mọ̀ wọ́n dáadáa, òun á dé láago mẹ́fà, ṣùgbọ́n kí n pe Màmá lórí fóònù: epo ti wọ́n, owó tí wọ́n san lóṣù tó kọjá kò lè gbé wọn dé Èrúwà mọ́.