Kí Ni Ọmọ Rò Nínú Iṣẹ́ Àṣetiléwá Rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa ka ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Nínú ti ọmọ ọdún 9 kan tí mo kà, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ kọ sójú pátákó nípa bí oòrùn ṣe ń fa omi ló dà kọ. Kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí mo bi í ní Yorùbá, ó ní: "Omi ara aṣọ tí màmá mi sá ló gòkè lọ di kùrukùru. Òun náà ló ń padà bọ̀ bí òjò." Èsì pípé, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé!

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún 6 ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tìtorí rẹ̀ fà sẹ́yìn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òbí tó ń gba bírò lọ́wọ́ ọmọ kí máàkì lè pé (àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa sín ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ jẹ). Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́. Bí ó bá ṣì í kọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí olùkọ́ rí i.