Ohun tí Àdìrẹ Ìbàdàndùn ń Sọ

Bí a bá ń kọ́ni ní àdìrẹ, aró rírẹ ni àwa olùkọ́ sábà máa ń tẹnu mọ́; a kì í béèrè ohun tí ọnà ara aṣọ ń sọ. Ẹ wo Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni àwọn aládìrẹ fi ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní 1929, sára aṣọ, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó (àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ pè é ní ìlẹ̀kùn!). Ìjọba amúnisìn ni ó kọ́ Màpó. Àwọn obìnrin yìí sọ ọ́ di àmì ìlú tiwọn, wọ́n ní Ìbàdàn dùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣàlàyé èyí nínú ìdánwò, ẹ jẹ́ kí á fún un ní máàkì, bí ó tilẹ̀ gbàgbé ewé èlú.