Ilẹ̀kùn Tí ATP Ń Ṣí

Bí ọ̀bẹ bá yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́ ilá, tó sì gé e ní ìka, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wà nínú wọn á dà síta bí omi inú àgbọn tí wọ́n là. ATP wà lára ohun tó dà yẹn, ó sì wà lára àwọn tó ń ròyìn fún iṣan ìmọ̀lára pé ibì kan ti bàjẹ́.

Orúkọ ATP kò ṣàjèjì sí ẹni tó ka bàọ́lọ́jì ní girama. Òun ni owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná: agbára tó wà nínú ẹ̀bà tàbí iyán, inú ATP ni ara ń kó o sí kó tó lè lò ó. Inú sẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ sí. Ìta kì í ní ju bíńtín lọ, nítorí náà, bí ó bá yọjú síta, ara mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Geoffrey Burnstock, ọmọ bíbí Lọ́ńdọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ ní Melbourne lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, kọ ọ́ ní 1972 pé àwọn iṣan kan ń fi ATP ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ta ni yóò máa fi owó oúnjẹ ṣe lẹ́tà? Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi bá a jiyàn, kò sì yẹsẹ̀. Ní 1994 ni àwọn olùwádìí rí àbùdá méjì àkọ́kọ́ tó ń ṣe ilẹ̀kùn tí ATP ń ṣí. P2X ni wọ́n ń pè é. Oríṣi méje ni purotéènì tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, láti P2X1 dé P2X7.

Báwo ni ilẹ̀kùn náà ṣe rí? Ní 2009, yàrá ìwádìí Eric Gouaux ní Oregon, Amẹ́ríkà, ya àwòrán P2X4 tó ti ara ẹja kékeré abilà kan wá. Purotéènì mẹ́ta ló wé mọ́ra wọn, bí ààrò mẹ́ta tó gbé ìkòkò ró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ẹja dólífínì tó ń fò sókè: ìrù rẹ̀ wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, ara rẹ̀ yòókù wà níta. Ní agbede méjì ìrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ihò tóóró náà wà, ó sì wà ní pípadé.

Àwòrán tó tẹ̀ lé e ní 2012 ló dùn mọ́ni jù. ATP wà nínú rẹ̀, ó ká bí ìwọ̀ ẹja, ó há sí ibi tí ara méjì ti pàdé. Irú ibẹ̀ mẹ́ta ló wà. Bí ATP bá ti jókòó síbẹ̀, ara àwọn dólífínì náà á dì í mú, ìsàlẹ̀ wọn á yọ síta, á sì fa ìrù wọn yà kúrò lára ara wọn. Ihò ṣí nìyẹn. Sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, pọ̀tásíọ̀mù á jáde, iná kékeré á sì sáré gba ojú iṣan lọ. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí.

Burnstock fojú ara rẹ̀ rí i. Ọdún 2020 ló kú, lẹ́ni ọdún 91.

Iṣẹ́ ilẹ̀kùn wọ̀nyí kò mọ síbi ìrora. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, ATP máa ń ti ara ògiri rẹ̀ jáde láti bá P2X3 sọ̀rọ̀. P2X7 wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn; ATP púpọ̀ ló sì ń gbà kó tó ṣí. Orí ahọ́n náà ńkọ́? Ní 2005, àwọn olùwádìí fi hàn pé eku tí kò ní P2X2 àti P2X3 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò.

Ọ̀rọ̀ ahọ́n yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ fún gefapixant, oògùn tó ń ti P2X3 pa fún àwọn tí ikọ́ kò fi sílẹ̀. Japan fọwọ́ sí i ní 2022, Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2023, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́. Ikọ́ rọlẹ̀ fún àwọn kan lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lò ó ló ní oúnjẹ ò dùn lẹ́nu àwọn mọ́. Ilẹ̀kùn ahọ́n sábà máa ń jẹ́ àpapọ̀ P2X2 àti P2X3. Ti ikọ́ lè jẹ́ P2X3 nìkan. Oògùn tí yóò ti èyí pa láì fọwọ́ kan tọ̀hún ni wọ́n ń wá báyìí.