Croydon: Pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ tó kọ́ ayé bí bàálù ṣe ń fò láìforí gbárí

Lójú ọ̀nà Purley Way ní Croydon, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, bàálù kékeré kan wà lórí òpó níwájú ilé ńlá kan tó ní ilé-ìṣọ́. Heron ni orúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ ló gbé èrò ìkẹyìn kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959, ọjọ́ tí wọ́n ti pápá náà pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Croydon lónìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá níbẹ̀ láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú àgbà Lọ́ńdọ̀nù kí Heathrow tó dé. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń sọ ìtàn rẹ̀ wà nínú ilé-ìṣọ́ náà.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ogun Àgbáyé Kìíní ló bí i. Wọ́n la pápá kan ní Beddington láti dáàbò bo Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì la èkejì sí Waddon, nítòsí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù. Lẹ́yìn ogun, wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì ṣí i fún èrò ní oṣù Kẹta ọdún 1920. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí dé ní 1928. Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹrù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wọn èrò fúnra rẹ̀, torí bàálù ìgbà náà kò lè gbé ju agbára rẹ̀ lọ.

Kí ni ayé kọ́ níbẹ̀?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1922, bàálù kan tó gbéra ní Croydon ń lọ sí Paris, òmíràn sì ń ti Paris bọ̀. Kùrukùru bo ojú ọ̀run ní àríwá ilẹ̀ Faransé, àwọn méjèèjì bá forí gbárí. Èèyàn méje ló kú. Àdánù yẹn jẹ́ kó hàn pé ojú awakọ̀ nìkan kò tó: bàálù gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú ọ̀run, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa darí rẹ̀ láti ilẹ̀.

Rédíò ni wọ́n fi ṣe é. Bí awakọ̀ bá ti sọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ní Croydon àti ní ibùdó méjì mìíràn, Lympne àti Pulham, á wá apá ibi tí ohùn náà ti ń wá. Ní Croydon, wọ́n á fa ìlà lórí máàpù láti ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àwọn ìlà náà bá ti pàdé, ibẹ̀ ni bàálù wà. Frederick Mockford, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ rédíò níbẹ̀, ló mú igbe "Mayday" wá, èyí tí awakọ̀ ń ké títí dòní bí ewu bá dé.

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ yìí, Croydon náà ni Amy Johnson, ọmọ ọdún 26, ti gbéra ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1930. Ó dé Darwin ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó dá wa bàálù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Australia.

Kí ló dé tí wọ́n fi tì í?

Orí koríko ni bàálù ti ń gbéra ní Croydon. Nígbà tí bàálù ńlá dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ti yí pápá náà ká, kò sì sí àyè láti fẹ̀ ẹ́. Heathrow ní àyè, ibẹ̀ ni iṣẹ́ bá ṣí lọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ilé iṣẹ́ bàálù akérò Imperial Airways, tó fi Croydon ṣe ibùjókòó, ló na ọ̀nà òfurufú láti Khartoum wá sí Kano, tó sì dé Èkó ní 1936. Àwọn tó ń darí bàálù láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù lónìí ń tọ ipasẹ̀ àwọn tó ń fa ìlà lórí máàpù ní Croydon. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dàgbà níbẹ̀ mọ èyí. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, nítorí náà kí òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́.