Ike Abẹ́ Ẹ́ńjìnnì Kì Í Ṣe Ohun À Ń Sọ Nù

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń ná Ìjerò sí Arámọkọ, àti ẹ̀yin tó ń gba Ìta-Awúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Iléṣà, ike dúdú pẹlẹbẹ kan yẹ kó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín. Ó ti kúrò lábẹ́ ọ̀pọ̀ Corolla, Camry àti Sienna tòkunbọ̀. Kòtò ló fa òmíràn ya. Òmíràn, mẹkáníìkì ló tú u nígbà tó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, tí kò dá a padà. Ọkọ̀ ṣì ń rìn, ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Iṣẹ́ tó ń ṣe

Ẹrọ̀fọ̀ nìkan kọ́ ló ń dí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń gba òkè, ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ rẹ̀ kọjá. Òkè ń dán, afẹ́fẹ́ kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Abẹ́ ni wàhálà wà: ẹ́ńjìnnì, irin taya, sàlẹ́ńsà, táńkì epo. Afẹ́fẹ́ á máa kọlu wọn, á máa yí po bí omi odò tó bá àpáta pàdé, á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Epo ni ẹ́ńjìnnì fi ń ja ìjà yẹn. Ìdí nìyí tí Toyota fi fi ike bo abẹ́ Prius, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe torí àtidín epo kù. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ike yìí kan náà ló ń darí afẹ́fẹ́ sí rèdíétọ̀.

Eré ló ń mú un le

Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Mi ò ní tàn yín: níbi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹrù àti òkè fúnra rẹ̀ ló ń jẹ epo, ike ò lè ṣe púpọ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ ti ń sáré, ni èrè rẹ̀ wà. Èrè náà kéré lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ẹni tó ń lọ Adó-Èkìtì tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ò ní epo tó máa fi ṣòfò.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà wa burú, òun ló ń mú kí àwọn kan ki rọ́bà sí sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ náà kì í sì í dúró dáadáa ní kọ́nà.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Bó bá ti sọnù, ẹ wá irú ti ọkọ̀ yín gan-an lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì. Ẹ má fi kápẹ́ẹ̀tì tàbí páákó dípò rẹ̀: ọ́ìlì tó bá kán sí i lè gbiná lẹ́bàá sàlẹ́ńsà tó gbóná. Èyí tó bá ń fì, ẹ dè é kó le kẹ́ ẹ tó gbéra, torí bó bá já lórí eré, ó lè ká mọ́ taya. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá tú u, ẹ dá a padà pẹ̀lú gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ yín.